Agolo Bisikíìtì Tí Mo Kó Oògùn Mi Sí

Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló jẹ́ kí n dá oògùn ikọ́ ife dúró. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rò nìyẹn tí wọ́n bá gbọ́ pé Faransé ni mo wà nígbà tí mo dá a dúró. Wọ́n á ní, "Nílẹ̀ òyìnbó! Níbi tí wọ́n ti ń fún yín ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, tí bọ́ọ̀sì ń gbé yín dé ẹnu ọ̀nà lopitáàlì! Kí ló dé tí o kò lò ó tán?" Wọ́n á mi orí, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tó da oúnjẹ nù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dára. Ẹ jókòó, màá sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Filomẹ́nì ni orúkọ mi. Ọmọ Lèma ni mí, lẹ́bàá Ìdáàṣà. Mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní, Àgátà, tí gbogbo wa ń pè ní Dada bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ èmi àti Dada ni mo fẹ́ sọ. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ pé ikọ́ ife ló ń ṣe ẹ́, tàbí tí o ti wà lẹ́nu oògùn, tí ara rẹ sì ti ń yá, ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Láti kékeré lèmi àti Dada ti ń fọ́ òkúta. Ẹni tó bá ti gba títì tó ti Kútọnu lọ sí Parakou kọjá á ti rí àwọn obìnrin tó ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà, òòlù lọ́wọ́, òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ níwájú wọn. Àwọn ọkùnrin máa ń dáná sórí àpáta kó lè sán, wọ́n á yí i lulẹ̀, àwa obìnrin á wá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Eruku rẹ̀ ń wọ imú, ó ń wọ ọ̀nà ọ̀fun. Gbogbo wa ló ń wúkọ́. Ìyá wa wúkọ́ títí tí wọ́n fi kú. A tilẹ̀ ní orúkọ fún un: ikọ́ òkúta. Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kó o lá òrí díẹ̀ láàárọ̀ kó o tó mú òòlù, kí eruku lè yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá wúkọ́ láàárín wa, ńṣe la máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ tó, pé òkìtì rẹ̀ kò ga.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní Faransé kí ikọ́ tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ tó mú mi lọ ti bá tirẹ̀ lọ, n kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àkókò yín. Ìlú kan tó tutù ni mò ń gbé, nínú yàrá kan ní òkè kẹrin. Ní kùtùkùtù, mò ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì. Lọ́sàn-án, mò ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan tí kò lè dá dìde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, n kò kà á sí rárá. Mo ní òkúta ló ń jáde. Òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ má rẹ́rìn-ín: mo rò pé eruku tó ti wà nínú mi láti ogún ọdún ló ń wá ọ̀nà àtijáde, pé òtútù ibẹ̀ ló tú u. Mo ní kí Dada fi òrí ránṣẹ́ sí mi. Àràárọ̀ ni mò ń lá a.

Lẹ́yìn náà ni òógùn dé. Tí mo bá jí, aṣọ ibùsùn mi á tutù rinrin bíi pé wọ́n da omi sí i. Síkẹ́ẹ̀tì mi ń yọ̀ nídìí mi, mo fi píìnì dè é. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, mo ní láti jókòó sinmi bí aboyún. Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Filomẹ́nì, èmi ni arúgbó, ṣùgbọ́n ìwọ lò ń wúkọ́ bí arúgbó. Lọ rí dókítà kó o tó tún wá fọwọ́ kàn mí." Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, mo rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Lopitáàlì tiwọn náà ní ìlà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, mo jókòó láti aago méje àárọ̀ títí àkókò oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ni ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti kékeré ni. Ó wò mí. Mo ní òkúta ni. Ó ní, òkúta wo? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àpáta Ìdáàṣà fún un, iná, òòlù, òrí. Ọkùnrin náà ní sùúrù, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, kò bi mí ní òkúta mọ́. Wọ́n fi nǹkan bo ẹnu àti imú mi, wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí mo dá wà, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé tọ̀ mí wá á kọ́kọ́ bo ẹnu tirẹ̀.

Ikọ́ ife. Nílé wa, tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ yẹn, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Àwọn ará Ìdáàṣà wà ní ìlú yẹn, a jọ máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn. Dada nìkan ni mo pè, òun náà sì rèé, irọ́ ni mo pa fún un. Mo ní àyà ló ń dùn mí díẹ̀, wọ́n ti fún mi lóògùn.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi. Hóró oògùn láràárọ̀, kí n tó jẹun. Lọ́jọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo lọ tọ̀, omi pupa ló jáde. Yéè! Mo figbe bọnu. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsàlẹ̀ náà jáde. Nọ́ọ̀sì kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló sáré wọlé. Nígbà tó rí ohun tó ń pa mí lẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn ló sọ ìtọ̀ mi di pupa, pé kí n máa dúpẹ́ tí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, torí àmì pé mo lo oògùn mi nìyẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ pupa yìí sọ́kàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n ní n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, kí n máa lọ sílé. Wọ́n á máa fún mi ní oògùn oṣù kan, tó bá tán, kí n padà wá gba òmíràn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Nínú yàrá tí a ti ń dúró de nọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti mọ àwọn tí kò lò ó parí, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Ọkùnrin kan wà tí kò nílé, ibùdókọ̀ rélùwéè ló ń sùn. Wọ́n ti jí àpò rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, oògùn bá àpò lọ. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kì í lo tirẹ̀ tí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá bá wà nílé, kí wọ́n má baà mọ̀. Òmíràn ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó kó lọ, lẹ́tà lopitáàlì ń dé sílé tí kò sẹ́nì kankan. Ara wọn ti yá, ikọ́ ti lọ, wọ́n sì ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní ìlú àwọn olówó, wọ́n gbà pé àgbàlagbà ni ẹ́, wọ́n á kó oògùn lé ẹ lọ́wọ́, wọ́n á kí ẹ pé ó dàbọ̀. Mò ń dá gbogbo wọn lẹ́jọ́ nínú mi. Mo ní èmi ọmọ Lèma, mi ò lè dán irú ẹ̀ wò. Èyí tí mo wá ṣe burú ju tiwọn lọ.

Nígbà tí mo fi máa lo oṣù méjì, ara mi ti yá. Ikọ́ lọ, òógùn lọ, mo yọ píìnì kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ ìsinmi kan mo pe Dada lórí fóònù. A ò tíì kíra tán tí ikọ́ fi gbé e. Ó wú u, ó wú u, mo dúró títí. Mo ní, "Dada, ikọ́ yín yìí mà ti pọ̀ o."

Ó ní, "Òkúta náà ni. Kí ló tún kù? Ìwọ tó o wà láàárín yìnyín lo gbàgbé eruku."

"Kí lẹ̀ ń lò sí i?"

"Òrí. Kí lo tún fẹ́ kí n lò? Ṣé ìwọ lo fẹ́ fún mi ní ti òyìnbó?"

Ó ń ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo páálí oògùn lórí tábìlì mi. Oògùn tó lé ikọ́ lọ pátápátá láàárín oṣù méjì! Lọ́dọ̀ tiwa, tí ara rẹ bá ti yá, ìyókù oògùn ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Ìyá wa máa ń di ìyókù oògùn ibà sí etí aṣọ, gbogbo agboolé ló ń wá tọrọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, ọ̀kánjúwà ni. Mo jókòó níbẹ̀, mo bi ara mi pé: èmi tí mo ti sàn, ní ìlú tí oògùn kò wọ́n, ṣé èmi ni màá máa gbé oògùn mì, tí ọmọ ìyá mi ń fi òrí tan ara rẹ̀ jẹ?

Mo ní agolo bisikíìtì kan tí ìyá àgbà fún mi nígbà Kérésìmesì, ó ní àwòrán ẹṣin lára. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá jí láàárọ̀, dípò kí n gbé oògùn sẹ́nu, màá tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ọ̀rá rẹ̀, màá sọ ọ́ sínú agolo. Ó máa ń dún kin. Inú mi máa ń dùn bí ẹni tó ṣe sàráà. Kódà mo gbé agolo náà sẹ́nu fóònù lọ́jọ́ kan, mo mì í, mo ní, "Dada, ṣé ẹ gbọ́? Ẹrù yín rèé." Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e.

Ẹ má rò pé n kò mọ̀ pé mò ń ṣe ohun tí kò tọ́. Nọ́ọ̀sì onírun funfun yẹn máa ń bi mí lóṣooṣù: "Ṣé ò ń lò ó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ìtọ̀ rẹ ṣì ń pupa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ sì ni lọ́jọ́ yẹn, torí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá ń lọ rí i, mo máa ń lo ti ọjọ́ yẹn, kí ìtọ̀ lè pupa bí wọ́n bá ní kí n tọ̀ kí wọ́n rí i. Mo gbọ́n, àbí? Oṣù mẹ́rin ni mo fi tan obìnrin tí kò ṣe mí ní ibi kankan. Nígbà tí oṣù kẹfà pé, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ṣe dáadáa. Mo wo ilẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni mo wálé, lásìkò tí àwọn Kátólíìkì ń wọ́ wá sí Ìdáàṣà láti ibi gbogbo wá gbàdúrà lẹ́bàá ihò àpáta. Oṣù kan ni mo fẹ́ lò. Agolo náà ń dún ṣẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀ nínú báàgì mi láti Faransé dé Kútọnu, láti Kútọnu dé Lèma. Dada ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé agolo lé e lọ́wọ́, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì í bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ń jó káàkiri àgbàlá. Mo ní kó máa lo ọ̀kan láràárọ̀. Ó ní ọ̀kan kéré. Ọjọ́ tí àyà bá fún un, á lo mẹ́ta. Ọjọ́ tí ara bá dẹ̀ ẹ́, á sinmi. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń fọ́ òkúta tọrọ nínú rẹ̀, ó fún wọn ní méjì méjì. Èmi náà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mò ń sọ pé kò tọ́pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni òógùn padà. Mo jí, aṣọ ibùsùn mi tutù. Mo ní ooru ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ikọ́ dé. Dada ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Òkúta ti rántí ẹ!" Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n tètè padà sí Faransé kí wọ́n fún mi lóògùn, torí mo rò pé irú rẹ̀ kò sí nílé. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú. N kò lò ju mẹ́ta lọ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú gbogbo èrò, ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́nu mi, ó ta sára aṣọ funfun mi. Dada fi gèlè rẹ̀ bò ó, ó pe zémì, àwa méjèèjì gun ọ̀kadà kan náà, ó di lopitáàlì.

Ọ̀dọ́bìnrin ni nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ikọ́ níbẹ̀. Ó ní kí a jókòó síta, lábẹ́ igi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kó tó bi mí léèrè kankan, Dada ti tú àpò rẹ̀. Ó gbé agolo jáde. Ìgbéraga wà lójú rẹ̀, ẹ bá rí i! Ó ní, "Ẹ má ṣe wàhálà, Madám. Oògùn wà lọ́wọ́ wa. Ti Faransé ni."

Nọ́ọ̀sì ṣí i. Ó da hóró méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n, ó yí wọn padà. Ó dìde, ó wọlé, ó padà pẹ̀lú páálí kan, ó tẹ hóró kan jáde nínú rẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tiwa. Àwọ̀ kan náà. Ìrísí kan náà.

Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni níbí. Ó ti pẹ́ tó ti wà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ ìròyìn burúkú rí. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ ara mi. Kò sí èyí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń fi oògùn du ara mi, kí n lè ru ohun tó wà lórí pẹpẹ lopitáàlì ní Ìdáàṣà kọjá òkun wá. Tí ẹ bá gun ọ̀kadà láti ilé wa, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi wá pé ta ló ń lo èyí tó wà nínú agolo. Dada ní òun ni. Ó ní báwo lẹ ṣe ń lò ó? Dada ṣàlàyé: mẹ́ta lọ́jọ́ tó bá le, òfo lọ́jọ́ tó bá dẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Ó kó gbogbo hóró inú agolo, ó dá agolo lásán padà fún Dada. Ó fún àwa méjèèjì ní ike, ó ní kí a wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i, láti ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe itọ́.

Àìsàn kan náà ló ń ṣe wá. Ta ló kó o ran ta? Ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Bóyá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa ni, bóyá a ti jọ gbé e kiri láti ìgbà tí a ti ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan náà, tí a ń pè é ní òkúta. Wọ́n yẹ gbogbo ará ilé wò, Ọlọ́run ṣe é, kò sí lára wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ kó àwọn obìnrin tó gba méjì méjì wá, kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtìjú kúrò lójú mi lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀nà wa wá yà níbí. Wọ́n tún fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wa ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò mìíràn, láti mọ oògùn tó lè pa àìsàn náà. Tèmi, oògùn àkọ́kọ́ ṣì ràn án. Wọ́n ní kí n tún un lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti Dada, kò ràn án. Nọ́ọ̀sì ní, "Àìsàn tó wà lára wọn ti mọ oògùn yẹn lójú, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́." Mo bi í pé ṣé nítorí agolo ni. Ó ní òun kò lè búra, pé ó lè ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lílò tí wọ́n ń lò ó ségesège ni ó máa ń fa irú èyí. Ó ní Dada máa lo òmíràn, tó le ju tèmi lọ, tó sì pẹ́ jù ú lọ, wọ́n sì máa kọ́kọ́ gbà á sí lopitáàlì kan ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá Kútọnu, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní àwọn kan ń sàn, kò sì fi pa mọ́ fún wa pé àwọn kan kì í sàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dada kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Èmi náà kò lè jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń di ẹrù rẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Dada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi. Ẹ nà mí pàápàá."

Ó ní, "Ta ló ti fi ti ara rẹ̀ du ara rẹ̀ nítorí mi rí? Ìyá wa pàápàá kò ṣe é. Ìwọ nìkan." Ó ká ìró rẹ̀, ó tún un ká. "Ìfẹ́ rẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí yìí, Filomẹ́nì. Kí ni kí n wá fi bú ẹ?"

Mo sunkún lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọdé. Òun náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n wá bá òun wá bàtà òun kejì.

Ìwé ìgbélùú mi ní Faransé fẹ́ parí nígbà náà. Tí n kò bá padà lọ tún un ṣe, ó tán nìyẹn. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pè, wọ́n ní àwọn ò lè dúró dè mí. Ìyá àgbà náà pè, wọ́n ní ẹni tó wá rọ́pò mi, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé tí mo bá lọ, ta ni yóò jókòó ti Dada láràárọ̀ tí òòyì bá ń kọ́ ọ nítorí oògùn líle yẹn, tí ara rẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá, tí ó bá ní ó tó gẹ́ẹ́? Mo ti mọ ohun tí ara yíyá ń sọ síni létí. Mo jẹ́ kí ìwé parí.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Dada fi wà ní ìsàlẹ̀, níwájú nọ́ọ̀sì ni mò ń lo tèmi. Láràárọ̀, lójú rẹ̀, ó ń wo ọ̀fun mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó bí mi nínú. Mo ní ṣé ọmọdé ni mí? Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé ohun tí n kò rí ní Faransé gan-an nìyí. Ẹbí náà kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Àbúrò bàbá wa ránṣẹ́ láti Aklampa pé wọ́n ti fi èèdì di àwa méjèèjì ni, pé kí a wá mu àgbo egbò igi. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà ní kí a dá oògùn dúró fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí a gbààwẹ̀. Dada ti dé lásìkò yẹn. Ó ní, "Ẹ gbààwẹ̀ náà fún mi, ẹ ṣeun. Ní ti ká dá oògùn dúró, àbúrò mi ti ṣe ìyẹn fún wa."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lónìí rèé. Mo ti parí tèmi, mo lò ó látòkèdélẹ̀. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò nígbà tí mo parí, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ nídìí mi kò wọ̀ mí mọ́. Ti Dada ku oṣù mẹ́ta. Ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ tó kẹ́yìn dára, ṣùgbọ́n dókítà kò tíì ṣèlérí kankan fún wa. Kò fọ́ òkúta mọ́, kò sì ní fọ́ ọ mọ́ láé. Ẹ̀gúsí la jọ ń pa lábẹ́ máńgòrò. Tó bá gun òkè kékeré, á dúró lẹ́ẹ̀mejì kó mí. Oògùn rẹ̀ mú kí etí rẹ̀ máa hó, ó ní bíi pé wọ́n ń dín nǹkan níbẹ̀. Àwọn obìnrin abẹ́ àtíbàbà kì í pe ikọ́ kankan ní ikọ́ òkúta mọ́ títí wọn yóò fi lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ìwọ tí ara rẹ ti yá lẹ́nu oògùn, n kò ní ìmọ̀ràn gígùn fún ẹ. Oògùn yẹn, tìrẹ ni, títí dé hóró tó kẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá ń wúkọ́ nílé, mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò, má fún un nínú tìrẹ. Tó bá sì jẹ́ pé ìlú tí o wà, kò sẹ́ni tó ń wò ọ́, wá ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí fóònù ni, kó máa wò ọ́.

Àràárọ̀ lèmi àti Dada ń jókòó lórí àpótí, ojú kojú. Á kó hóró oògùn rẹ̀ sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi omi lé e. Mo ní, "Ẹ la ẹnu, Dada." Á là á, á gbé ahọ́n sókè. Á wá ní, "Ìwọ náà, là á." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí mo parí, mo ní, "Èmi ti parí o." Ó ní, "Mo mọ̀. Là á." Màá là á. Á wò ó dáadáa, ọ̀tún, òsì, abẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà á na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, á mú agolo alẹ́ṣin yẹn, á gbé e sí mi létí, á mì í. Kò dún. A ó wá dìde lọ jẹun.